Ọtí Oyin Tí Ń Dúró De Ọmọ

Nínú àwọn ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá, oyin kì í gbẹ́yìn. A ó fi tọ́ ọmọ lẹ́nu wò, a ó sì wúre fún un pé kí ayé rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ọtí yóò dé. Àwọn àgbà yóò mu, ilẹ̀ náà yóò sì mu tirẹ̀. Oyin lọ́tọ̀, ọtí lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Oyin gan-an ni wọ́n fi ń pọn ọtí, wọ́n sì mọ bí a ti í pọn ọ́n tí yóò fi dúró de ọmọ tí a bí lónìí títí di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Póláǹdì ni orílẹ̀-èdè náà. Miód pitny ni wọ́n ń pe ọtí yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oyin mímu.

Kí ọtí tó lè dúró de ọmọ fún ogún ọdún, nǹkan méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà. Èkíní, ọtí náà kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Èkejì, ìdílé tí ó pọn ọ́n gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n rì í mọ́ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ará Póláǹdì sì mọ̀ ọ́n dé góńgó. Èkejì kò sí ní ìkáwọ́ apọntí. Ó wà ní ìkáwọ́ àwọn ọba, àwọn ológun, àti àwọn tí ń fi kálámù fa ààlà sórí àwòrán ilẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn ọtí oyin Póláǹdì ni ìtàn bí àwọn ènìyàn kan ti di èkíní mú ṣinṣin nígbà tí èkejì ń já mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwa tí a ti ń mu ẹmu láti ayébáyé mọ̀ pé ọtí a máa yára darúgbó. Ẹmu tí ẹlẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ a dùn lẹ́nu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Bí a bá rì ohun kan mọ́lẹ̀ nígbà tí a bímọ, ibi ọmọ náà ni. Kò sí ẹni tí í rì ẹmu mọ́lẹ̀ de ọmọ. Ohun tí ó fún àwọn ará Póláǹdì láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ ni oyin.

Oyin fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Omi inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúkàrà kò fi rí ààyè ṣiṣẹ́. Ìgbà tí a bá bu omi lù ú ni ìwúkàrà ń jí, tí ó ń jẹ ṣúgà inú oyin, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ìwọ̀n omi tí a bù lù ú ni yóò pinnu irú ọtí tí a ó rí àti iye ọdún tí a ó fi dúró dè é. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ní fún un. Czwórniak, èyí tí a lè pè ní oní-mẹ́rin, jẹ́ ìdá kan oyin sí ìdá mẹ́ta omi. Trójniak, oní-mẹ́ta, jẹ́ ìdá kan oyin sí ìdá méjì omi. Ti dwójniak, oní-méjì, dọ́gba-dọ́gba ni. Półtorak ni àgbà gbogbo wọn: ìdá kan oyin sí ààbọ̀ ìdá omi, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan ààbọ̀, ohun tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí nìyẹn.

Bí oyin bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ìwúkàrà ti ń le tó, nítorí pé ṣúgà tí ó bá pọ̀ jù a máa fún un lọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tí ń pọn półtorak kì í da gbogbo oyin sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìwúkàrà bá ti lágbára ni yóò máa fi ìyókù kún un. Síbẹ̀, àárẹ̀ yóò mú ìwúkàrà kí ṣúgà tó tán. Nígbà tí ọtí náà bá dẹ́kun ríru, ṣúgà tí ó kù nínú lítà kan a máa lé ní gíráàmù 300, agbára ọtí inú rẹ̀ yóò sì wà láàárín ìdá 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣúgà yìí àti agbára yìí ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ohun tí ń sọ ẹmu di kíkan kò lè gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò bàbà ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Wọn yóò gbé oyin àti omi ka iná tí kò le, wọn yóò máa fi ṣíbí ré ìfófòó orí rẹ̀ kúrò títí tí kò fi ní yọ mọ́. Ẹlòmíràn a fi òdòdó hop sí i, ẹlòmíràn a fi kànáfùrù tàbí atalẹ̀ sí i, tàbí kí ó bu omi èso lù ú. Bí ó bá ti tutù, wọn yóò fi ìwúkàrà sí i, wọn yóò sì fi sílẹ̀ kí ó máa ru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò rọra tú u kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú àgbá igi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ènìyàn parí sí, tí iṣẹ́ ọdún sì bẹ̀rẹ̀. Ọtí tuntun náà kò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ni lọ́fun, adùn rẹ̀ àti agbára rẹ̀ kò sì tí ì mọ ara wọn. Òfin tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí ní kí czwórniak dúró fún oṣù 9, trójniak fún ọdún 1, dwójniak fún ọdún 2, półtorak fún ọdún 3, ó kéré tán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu yóò sọ fún ọ pé ọdún 3 kò tí ì tó nǹkan fún półtorak.

Irú òdòdó tí kòkòrò oyin bà lé náà ní ipa tirẹ̀. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní lipa, tí òdòdó rẹ̀ máa ń yọ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àwọn ará Póláǹdì bu ọlá fún un tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ oṣù Keje nínú èdè wọn, lipiec, fi ti ara rẹ̀ wá. Lipiec kan náà ni wọ́n ń pe ọtí oyin tí a bá fi oyin igi yìí pọn, èyí tí ó sì ti agbègbè Kowno wá ni ó lókìkí jù láyé ọjọ́sí. Ìlú Kowno yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kaunas báyìí, wà ní orílẹ̀-èdè Lituéníà, kò sí ní Póláǹdì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà dé ọ̀rọ̀ àwọn ìlú tí ó yípadà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé inú wọn.

Nígbà tí Ibrahim ibn Yaqub, Júù arìnrìn-àjò tí ó wá láti Tortosa ní ilẹ̀ Andalúsíà, dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Sílávù ní nǹkan bí ọdún 965, ó ròyìn pé oyin ni wọ́n fi ń ṣe ọtí wọn, ó sì sọ pé ilẹ̀ Mieszko, ọba àkọ́kọ́ tí ìtàn Póláǹdì dá mọ̀ dájú, kún fún oúnjẹ, ẹran àti oyin. Inú igbó ni oyin náà ti ń wá. Àwọn ọdẹ oyin, tí wọ́n ń pè ní bartnik, a máa gbẹ́ ihò sí ara igi tí ó wà láàyè, lókè réré, kí oyin lè wọ ibẹ̀ gbé. Okùn ni wọ́n fi ń gun igi náà, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́mu tiwa ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Igi kọ̀ọ̀kan ní àmì olówó rẹ̀ tí a fi irin gbẹ́ sí i lára, ọmọ a sì máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Wọ́n ní òfin tiwọn, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tiwọn, ikú sì lè jẹ́ èrè ẹni tí ó bá jí oyin wọn.

Àlejò kan tí ó kọ ìtàn Póláǹdì ní èdè Látìnì ní nǹkan bí ọdún 1115, tí a mọ̀ sí Gallus Anonymus, sọ bí ìdílé ọba wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àlejò méjì dé ìlú ní ọjọ́ tí olórí ìlú ń se àsè gígé irun àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n lé àwọn àlejò náà lẹ́nu ibodè. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n yà sí ilé àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Piast. Tálákà ni, ṣùgbọ́n ó ti pọn ọtí díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò gé irun ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó bu ọtí náà fún àlejò, ọtí kò sì tán; ṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Àwọn àlejò náà ni wọ́n gé irun ọmọ náà tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Siemowit. Ọmọ yìí di olórí ilẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìran ọba Piast ti sọ̀ kalẹ̀. Ọtí ọkà ni Gallus pè é. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn náà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ti di ọtí oyin. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn náà gbé kalẹ̀: baba kan fi ọtí pamọ́ nítorí ọjọ́ kan pàtàkì nínú ayé ọmọ rẹ̀, orúkọ ọmọ jáde ní ọjọ́ náà, orílẹ̀-èdè kan sì tinú ìyẹn wá. Yorùbá tí ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ kò nílò ògbifọ̀ kí ìtàn yìí tó yé e.

Ọ̀rọ̀ Leszek Biały, ọmọ-aládé Kraków tí ó kú ní 1227, pa ni lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó wá jagun ní Ilẹ̀ Mímọ́, ó ní kí Póòpù dákun yọ̀ǹda òun, nítorí pé òun kì í mu wáìnì, òun kì í sì í mu omi. Ọtí ọkà àti ọtí oyin nìkan ni ara òun gbà.

Bí ọtí oyin ti di ohun tí a ń rì mọ́lẹ̀ de ìgbéyàwó nìyí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Póláǹdì ti ń sọ ọ́. Ní ọdún tí a bá bí ọmọ, baba rẹ̀ yóò rọ ọtí sínú àgbá, yóò fi ìda oyin dí ẹnu rẹ̀ pa, yóò sì rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àjà ilẹ̀, níbi tí òtútù kò ti pọ̀ jù nígbà òjò dídì, tí ooru kò sì ti pọ̀ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ni wọn yóò hú u jáde. Wọ́n ń ṣe bákan náà pẹ̀lú ọtí líle kan tí wọ́n ń pè ní starka, tí a fi ọkà pọn, tí a sì rọ sínú àgbá tí wọ́n ti fi wáìnì sí rí. Òun ni àṣà náà lókìkí fún jù lọ, ìda oyin náà ni wọ́n sì fi ń dí i. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí kì í sábà rántí pé àṣà olówó ni. Ọlọ́lá tí ó nílẹ̀ ni, tàbí àgbẹ̀ tí ilé oyin rẹ̀ pọ̀, ni ó lè gbé oyin sílẹ̀ fún ogún ọdún láìfọwọ́ kàn án. Oyin mẹ̀kúnnù tí ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ọlọ́lá ti lọ sí ọwọ́ ọlọ́lá gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀ kí ó tó rò ó pé òun yóò fi pọn ohunkóhun. Síbẹ̀ mẹ̀kúnnù náà mọ àṣà náà, ó sì ń ṣe ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká.

Ọtí oyin kò parun lọ́jọ́ kan. Igbó ni ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé àwọn ọlọ́lá rí i pé ọkà tí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé gba odò Vistula lọ sí Gdańsk ń mówó wá ju oyin lọ, wọ́n sì ń gé igi kí oko lè fẹ̀ sí i. Ogun Súwídìn dé ní 1655, ó sì ba ìlú àti abúlé jẹ́. Ọtí líle tí a fi ọkà pọn pọ̀ níta, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ń fi bíìtì ṣe ṣúgà ṣí ní Cunern ní ilẹ̀ Silesia, ní 1801, oyin kò tún jẹ́ olórí ohun adùn mọ́. Láàárín gbogbo èyí, orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ ń lọ. Rọ́ṣíà, Pùrọ́ṣíà àti Ọ́síríà pín in ní 1772, Rọ́ṣíà àti Pùrọ́ṣíà pín in ní 1793, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pín ìyókù tán ní 1795. Ọdún 123 ni Póláǹdì kò fi sí lórí àwòrán ayé.

Ohun tí mo rí tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé àárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ ìmọ̀ ọtí oyin sílẹ̀ dáadáa. Teofil Ciesielski, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Yunifásítì Lwów, tí ó wà lábẹ́ Ọ́síríà nígbà náà, jẹ́ olùsìn oyin paraku. Ó ṣe ìwé ìròyìn fún àwọn olùsìn oyin, ó sì kọ ìwé kan, Miodosytnictwo, tí ó fi kọ́ni bí a ti ń fi oyin àti èso pọn ọtí. Ẹni tó ní ilé oyin díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni ó kọ ọ́ fún. Nígbà tí kò sí ìjọba tí yóò tọ́jú ohun ìní orílẹ̀-èdè, ilé ni ó kù tí a lè fi pamọ́ sí, ìdáná àti àjà ilẹ̀ sì jẹ́ apá kan ilé. Ìwé Ciesielski fi iye ìdá oyin àti omi hàn, ó fi àkókò hàn. Ohun tí ọmọ ti ń kọ́ lẹ́nu baba di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ó kú ní 1916, ọdún méjì kí Póláǹdì tó tún padà di orílẹ̀-èdè.

Ọdún mọ́kànlélógún ni òmìnira náà fi wà kí ogun tó tún dé ní 1939. Ìwọ̀n àkókò tí àgbá kan fi ń dúró de ọmọbìnrin nìyẹn. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn alágbára ayé ti gbé gbogbo Póláǹdì sún sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Lwów, ìlú Ciesielski, bọ́ sábẹ́ Ìjọba Sófíẹ̀tì. Lviv ni wọ́n ń pè é lónìí ní Yukirénì. Wilno náà bọ́ sí Lituéníà lábẹ́ ìjọba kan náà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ará Póláǹdì tí wọ́n kó kúrò ní ìhà ìlà-oòrùn yẹn láàárín 1944 sí 1946. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kó wọn sí, pẹ̀lú màlúù àti ẹrù díẹ̀. Ènìyàn lè gbé ìkòkò bàbà, ó lè gbé ìwé, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá tí ó wà nínú ilẹ̀ kì í bá ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ibi tí wọ́n kó wọn lọ náà yẹ kí a wò. Inú ilé àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀, ní Wrocław, tí ń jẹ́ Breslau tẹ́lẹ̀, àti ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Wọ́n ti lé àwọn ará Jámánì náà kúrò, tàbí kí wọ́n máa lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lórí ibùsùn ẹni tí a lé lọ mọ̀ pé a lè lé òun náà lọ. Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì kò gbà pé ààlà tuntun náà jẹ́ ààlà títí di àdéhùn 1970, kò sì di ohun tí a fi èdìdì dì pátápátá títí di 1990. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, ọ̀pọ̀ ìdílé kò tú ẹrù wọn tán. Àgbẹ̀ tó bá bí ọmọbìnrin ní ọdún 1950 lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè lóyin, ó lè mọ gbogbo ìdá oyin sí omi lórí. Ta ni yóò sọ fún un pé òun ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà ní 1970?

Mo ti rí i kà níbi púpọ̀ pé fódíkà àti ìjọba Kọ́múnístì ni wọ́n pa àṣà yìí. Wọ́n ní ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n ọtí olówó pọ́ọ́kú kò lè dí baba lọ́wọ́ láti pọn ọtí de ọmọ rẹ̀. Àìnígbẹkẹ̀lé nínú ilẹ̀ lè ṣe é. Ẹ̀rí mi ni pé pípọn ọtí oyin nínú ilé kò dáwọ́ dúró ní gbogbo àkókò náà. Ohun tí ó yípadà ni ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Lẹ́yìn 1989 ni àwọn apọntí kéékèèké tún bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Póláǹdì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Ní 2008, Àjọ náà fi orúkọ półtorak, dwójniak, trójniak àti czwórniak sí abẹ́ ààbò òfin. Ọdẹ oyin inú igbó, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Póláǹdì, padà nígbà tí àwọn ará Bashkir láti òkè Ural ní Rọ́ṣíà, tí wọn kò jẹ́ kí tiwọn kú, wá kọ́ wọn bí a ti ń gbẹ́ ihò sára igi. Ní ọdún 2020, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé jọ ní, ní orúkọ Póláǹdì àti Bẹ̀lárúùsì.

Nínú ilé, ìgò ńlá tí a fi apẹ̀rẹ̀ bò ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí dípò àgbá igi. Ó lè gba lítà mẹ́wàá tàbí ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbé e sí igun yàrá nígbà tí ó bá ń ru, pẹ̀lú ọ̀pá dígí kékeré lẹ́nu rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Nígbà tí ó bá dákẹ́, wọn yóò rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, wọn yóò fi ìda dí ìdérí wọn, wọn yóò kọ ọdún rẹ̀ sí i lára. Ẹni tó ń gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Warsaw tàbí Wrocław lè tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ àti ọ̀dùnkún. Bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn, tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ lẹ́yìn 2004, yóò fi aṣọ wé àwọn ìgò náà, yóò sì kó wọn dání.